Ọ̀jọ̀gbọ́n Àyálò ní Ẹ̀ka Ìdarí Ẹ̀kọ́

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 2025, Dókítà Adétutù ṣí yàrá kọ̀ǹpútà Ẹ̀ka Ìdarí Ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Jẹ́jẹ́lọlá, lójú ọ̀nà Òkìtìpupa sí Àyèká, ó sì bá tábìlì lásán níbẹ̀. Ogún kọ̀ǹpútà alágbèéká ló wà lórí àwọn tábìlì náà lánàá. Kò ku ẹyọ kan. Wọ́n ti ká wáyà lọ. Wọ́n ti yọ ẹ̀rọ amúlétutù kúrò lára ògiri, atẹ́gùn sì ń gba ojú ihò rẹ̀ wọlé. Olè náà tilẹ̀ gbá ilẹ̀ kí ó tó lọ, ó kó pàǹtí jọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Adétutù kò pariwo. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Òun ni olórí ẹ̀ka náà. Ní yàrá kejì, àwọn olùyẹ̀wò mẹ́ta láti Àbújá ń jẹ púpurú àti ọbẹ̀ marúgbó tí ẹ̀ka fi ṣe wọ́n lálejò, ó sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa eegun ẹja mu. Wọ́n ti yẹ ìwé wò, wọ́n ti yẹ àwọn olùkọ́ wò. Yàrá kọ̀ǹpútà ló kù, wọn yóò sì wò ó lọ́sàn-án kí wọ́n tó padà.

Láyí, olùkọ́ tó kéré jù ní ẹ̀ka náà, sáré dé.

"Mà, Màmá Àbújá ń bèèrè Prọ́ọ̀fù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i."

"Sọ fún wọn pé Prọ́ọ̀fù ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́."

"Mo ti sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wá jókòó sí kíláàsì náà."

"Sọ pé inú ń run Prọ́ọ̀fù."

"Ṣé inú ń run wọ́n ni?"

"Láyí, inú èmi ló ń run."

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Láyí wo àwọn tábìlì, ó wo ihò ara ògiri, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwo ibi tí ó jókòó sí. Orí pàǹtí ni.

Òfin àwọn ará Àbújá ni pé ẹ̀ka tí kò bá ní ọ̀jọ̀gbọ́n kò lè yege. Ẹ̀ka Ìdarí Ẹ̀kọ́ kò ní. Olóyè Jẹ́jẹ́lọlá tó dá yunifásítì náà sílẹ̀ kọ̀ láti gba ọ̀kan síṣẹ́. Ó ní, "Kí ni ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ darí tí èmi kò lè darí?" Ó tún sọ fún Adétutù pé bí ẹ̀ka náà bá kùnà, òun yóò tì í pa lọ́jọ́ náà gan-an. Nítorí náà Adétutù ṣe ohun tí àwọn olórí ẹ̀ka máa ń ṣe nígbà àyẹ̀wò. Ó yá nǹkan. Ó yá ìwé lọ́wọ́ ẹ̀ka Òfin, ó yá àga lọ́wọ́ ìjọ, ó yá kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ Àlàgbà Lazarus tó ní ilé ìdánwò kọ̀ǹpútà ní Àyèká. Ó sì fi fóònù yá ọ̀jọ̀gbọ́n.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn irọ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Igbodigo. Gbogbo Àbámẹ́ta ni ó máa ń wọ ọkọ̀ gàrí lọ kàwé, àyè tí ó máa ń rí ni orí ideri ẹ́ńjìnnì, ó sì mọ irú aṣọ tí a lè fi jókòó síbẹ̀ tí kò ní jóná. Àádọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ ló wà ní ọdún kẹrin ní ẹ̀ka rẹ̀. Bí ẹ̀ka bá kùnà, kò sí ìwé-ẹ̀rí fún ẹnì kankan nínú wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Irewọlé dé ní ọjọ́ Ajé. Ó sanra níwọ̀n, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó so okùn mọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó gbé pátákó orúkọ ara rẹ̀ wá nínú báàgì, pẹ̀lú ìṣó mẹ́rin àti òòlù. Kí wọ́n tó fi omi lọ̀ ọ́, ó ti kan orúkọ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó bá àwọn olùyẹ̀wò sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìdarí ni kí o ti mú ọ̀nà pọ̀n kí àwọn tí ò ń darí tó bèèrè ibi tí ẹ ń lọ." Ọ̀jọ̀gbọ́n Juliet, olórí àwọn olùyẹ̀wò, tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ó ti kọjá Ọ̀rẹ̀, rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí ó tún un wí kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Adétutù àti Láyí lọ bá ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì.

"Prọ́ọ̀fù fúnra wọn ni wọ́n kó o nírọ̀lẹ́ àná," ni ọkùnrin náà wí. "Èmi àti dẹ́rẹ́bà la bá wọn gbé e sínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ fọ eruku inú rẹ̀."

"Ẹ̀rọ amúlétutù náà ńkọ́?"

"Wọ́n ní eruku ibẹ̀ ló pọ̀ jù."

"O kò wá bèèrè lọ́wọ́ mi?"

"Màámi, ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n. Wọ́n ní èmi ni olórí ìbodè. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣọ́ ibí, ta ló pè mí ní olórí rí?"

Kí wọ́n tó yí padà, Àlàgbà Lazarus ti wọlé, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, bí àwọn ará ìjọ Aládùúrà. Ó wá wò ó bóyá oòrùn ń pa àwọn kọ̀ǹpútà òun. Wọn kò lè dá a dúró. Ó dé ẹnu yàrá náà, ó wo inú rẹ̀.

"Ghá!" ni bàbá náà ké. Inú bí i débi pé ó gbàgbé èdè ìwé, Ìkálẹ̀ nìkan ló ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ń ké pé kí gbogbo ayé wá. "Ghá! Ẹ ghá o!"

Adétutù fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu nítorí àwọn ará Àbújá. Bàbá náà bọ́ ẹnu rẹ̀ gbà, ó sì fi fóònù pe Ìnsípẹ́kítọ̀ Vincent, ọlọ́pàá Òkìtìpupa tí wọ́n jọ wà ní ìjọ kan náà. Vincent gun ọ̀kadà dé kíákíá. Ó jókòó sí ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka, ó ṣí ìwé, ó yọ bírò.

"Orúkọ ẹni tó kó o?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n Irewọlé."

"Ọdún mélòó ló ti ń bá yín ṣiṣẹ́?"

Adétutù wo ara ògiri. Ohùn àwọn olùyẹ̀wò ń wọlé láti yàrá kejì. Ohun tí ó sọ fún wọn náà ló gbọ́dọ̀ tún sọ.

"Ọdún mẹ́fà."

"Níbo ló ń gbé?"

"N kò mọ̀."

"Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Ará ibo ni?"

"Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Vincent gbé bírò sílẹ̀. "Ọdún mẹ́fà. Ẹ kò mọ ilé rẹ̀, ẹ kò mọ ìyàwó rẹ̀, ẹ kò mọ ìlú rẹ̀. Dókítà, kí tilẹ̀ ni ẹ ń darí ní ẹ̀ka yìí?"

"Irọ́ ni!" ni Lazarus wí. "Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá lọ́hùn-ún, obìnrin yìí dìde nínú ìjọ, ó ní kí á bá òun gbàdúrà kí Ọlọ́run fún òun ní ọ̀jọ̀gbọ́n. A gbààwẹ̀! Ìwọ náà gbààwẹ̀, Vincent!"

"Mo rántí," ni Vincent wí. "Mo rò pé ọkọ ni wọ́n ń wá."

"Ọlọ́run sì dáhùn," ni Láyí wí.

"Láyí, dákẹ́ ẹnu ẹ!"

Adétutù sọ òótọ́ fún wọn, ó sì sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nígbà tí ó parí, kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má mú olè náà. Ohun tí ó bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n mú un padà wá jókòó sórí àga rẹ̀ títí àwọn ará Àbújá yóò fi lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n ṣe é bó bá ṣe wù wọ́n.

"Ẹ fẹ́ kí n bá yín yá ọ̀daràn?" ni Vincent bèèrè.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, Jésùtómi ọmọ yín wà ní ọdún kẹrin níbí."

Vincent wo bírò rẹ̀. "Tí ẹ̀ka yìí bá kùnà, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní sí."

Ìnsípẹ́kítọ̀ náà pa ìwé dé. "Ẹ wọ mọ́tò."

Láyí pe Ṣemílóore, dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì yunifásítì, lórí fóònù. Inú Ṣemílóore dùn láti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní òun wà ní Akotogbo, pé Prọ́ọ̀fù ní kí òun dúró síbẹ̀ di ọjọ́ Ajé.

"Kí lo ń dúró ṣe?"

"Wọ́n ní àwọn máa fi mí jẹ olórí awakọ̀."

Adétutù sọ fún àwọn olùyẹ̀wò pé àwọn ń lọ wo Prọ́ọ̀fù ní ilé ìwòsàn, àwọn mẹ́rin sì wọ mọ́tò Lazarus. Ọ̀nà Akotogbo kò dára. Lazarus ń kọrin ìdáǹdè ní gbogbo ibi tí kòtò wà, kòtò sì pọ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kékeré kan wà lẹ́bàá ibi tí àwọn obìnrin ti ń fọ epo pupa, bọ́ọ̀sì yunifásítì sì wà níwájú rẹ̀, Ṣemílóore ń sùn nínú rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde pàdé wọn. Òun ni olórí Ẹ̀ka Ẹja Sísìn.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ṣé ẹ̀yin ni àwọn olùyẹ̀wò? A kò retí yín títí di ọjọ́ Ajé."

Vincent wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tò lọ bẹẹrẹ lórí tábìlì nínú yàrá.

"Kọ̀ǹpútà ta nìyí?"

"Tiwa ni, sà. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí a ti ń lò ó."

Lazarus kọjá lára rẹ̀, ó yí ọ̀kan dojú dé. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ gàdàgbà: LAZARUS, ÀYÈKÁ.

"Lazarus ni orúkọ àwọn tó ṣe é," ni ọkùnrin náà wí. "Àwọn òyìnbó ni."

"Èmi ni Lazarus."

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ bàbá náà tí kò sí bàtà. "Ẹ káàbọ̀, sà," ni ó wí.

"Ṣé ẹ ní ọ̀jọ̀gbọ́n?" ni Adétutù bi í.

"Dáadáa! Ọdún mẹ́jọ ni òun náà ti wà pẹ̀lú wa."

Bí ó ti ń sọ ọ́, wọ́n gbọ́ òòlù ní yàrá tó tẹ̀ lé e. Kó, kó, kó. Adétutù ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Irewọlé ń kan pátákó mọ́ ilẹ̀kùn, ìṣó kẹrin wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Ó tu ìṣó náà jáde, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Olórí Ẹ̀ka," ó sì fò láti ojú fèrèsé.

Ó gba inú oko ẹ̀gẹ́. Láyí tẹ̀ lé e, Vincent tẹ̀ lé Láyí, Lazarus gbé etí sùtánà dání ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Irewọlé wo ẹ̀yìn níbi tí ó yẹ kí ó ti wo iwájú, ó sì kó sínú kòtò epo. Nígbà tí ó jáde, ó pọ́n láti irùngbọ̀n dé bàtà. Àwọn obìnrin tó ń fọ epo náà figbe ta, kì í ṣe nítorí rẹ̀, nítorí epo ni.

Láyí di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó yọ̀. Vincent gbá a mọ́ra. Ó yọ̀ bọ́ bí ẹja àrọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ó sáré dé ojú títì, ó fò sẹ́yìn ọ̀kadà kan, ó ní, "Sáré lọ!" Ọlọ́kadà sáré lọ lóòótọ́. Irewọlé yọ̀ lórí ìjókòó, ó balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kadà ò sì dúró. Ní ìjókòó lójú títì yẹn ni wọ́n ti bá a, ó ń wo ibi tí ọ̀kadà gbà lọ.

"Ẹ ó padà sórí àga yín," ni Adétutù wí fún un, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Tí mo bá kọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀wọ̀n," ni Vincent wí.

"Tí mo bá gbà?"

"Ẹ̀wọ̀n náà ni. Ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ wẹ̀ ọ́."

Àwọn obìnrin náà fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́, wọn kò sì fọwọ́ rọra mú un. Gbogbo ara rẹ̀ mọ́ àfi etí. Vincent fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ọwọ́ òsì Irewọlé mọ́ ọwọ́ ọ̀tún òun fúnra rẹ̀. Adétutù ní kí ó jọ̀wọ́ tú u kí wọ́n tó wọlé. Vincent kọ̀.

"Ọkùnrin yìí ti yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. N kò ní jẹ́ kí ó yọ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

Gáùn ọ̀mọ̀wé ló gbà wọ́n là. Láyí lọ yá méjì ní ẹ̀ka Òfin, ó wọ̀ wọ́n fún àwọn méjèèjì; Vincent ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kí apá lè wọlé, ó sì tún tì í kíá. Apá gáùn náà fẹ̀ tó àpò ìrọ̀rí, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì bọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Wọ́n to àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi bọ́ọ̀sì kó bọ̀ láti Akotogbo padà sórí tábìlì. Wọ́n fi kàlẹ́ńdà ìjọ bo ihò ara ògiri. Àwọn olùyẹ̀wò wọ yàrá náà, wọ́n wò yíká, wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n sì jáde. Adétutù mí.

Ó ku ìjókòó ìkẹyìn. Juliet jókòó kọjú sí Irewọlé.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ara yín ti yá? Etí yín pọ́n o."

"Oòrùn Òkìtìpupa ni, mà."

"Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yìí ńkọ́? N kò rí i lánàá."

"Dókítà Vincent nìyẹn, mà," ni Adétutù wí. "Ọ̀rọ̀ ìbáwí ni wọ́n ń kọ́."

"Ó dára. Dókítà, báwo ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ṣe yẹ kí ó darí akẹ́kọ̀ọ́ tó ya aláìgbọràn?"

Vincent tún ara ṣe lórí àga. Irewọlé náà tún ara ṣe, nítorí kò sí bí kò ṣe ní ṣe é. "Mà, a ó kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Tí ó bá purọ́, a ó tì í mọ́lé di ọjọ́ kejì kí ó lè ronú."

"Ẹ ó tì í mọ́ ibo?"

"Ibi ìkàwé, mà."

Juliet kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, wọ́n mi orí. Ó pa fáìlì dé. "Dókítà Adétutù," ni ó wí, "mo ti rí ẹ̀ka púpọ̀. Ẹ gbìyànjú."

Omi bọ́ lójú Adétutù. Láyí wo àjà.

"Kí á fi àdúrà parí," ni Juliet wí. Ó wo yíká, ó rí Àlàgbà Lazarus tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, nítorí bàbá náà ti búra pé òun kò ní fi ojú kúrò lára àwọn kọ̀ǹpútà òun mọ́. "Bàbá onísùtánà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbàdúrà fún wa."

Adétutù la ẹnu láti sọ nǹkan. Ó ti pẹ́ jù. Lazarus ti dìde.

"Ẹ dìde! Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè ọ̀run! Halelúyà méje fún Olúwa!"

Inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n bí Vincent sí. Kí orí rẹ̀ tó ronú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti wà lókè. Ọwọ́ òsì Irewọlé bá a lọ. Apá gáùn méjèèjì ṣubú dé èjìká, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì ń tàn lórí wọn.

"Halelúyà!" ni gbogbo wọn ké.

Juliet kì í di ojú nígbà àdúrà. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ni kò jẹ́ kí ó máa di í. Nígbà tí yóò fi di halelúyà kẹrin, Lazarus àti Vincent nìkan ló ń dáhùn. Nígbà tí yóò fi di ìkẹfà, Lazarus nìkan ni.

"Dókítà Vincent," ni Juliet wí jẹ́jẹ́, "kí ló so ẹ̀yin àti Ọ̀jọ̀gbọ́n pọ̀?"

"Ìwádìí ni, mà."

Irewọlé bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi ní láti jókòó, Vincent sì bá a jókòó. "Ó tó," ni ó wí. "Ó rẹ̀ mí. Màmá, n kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Adébọ́lá ni orúkọ mi. Pátákó ni mo máa ń kọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní kí n bá òun kọ tòun, Irewọlé lorúkọ rẹ̀, kò sì padà wá gbà á. Mo kàn án mọ́ ilẹ̀kùn yàrá mi fún eré. Láti ọjọ́ náà ni onílé mi ti ń kí mi dáadáa."

"Kí ló dé tí o fi ń kó ẹrù wọn?"

"Mà, nǹkan tí wọ́n yá ni. Ta ni yóò lọ sọ fún ọlọ́pàá? Ẹ̀ka márùn-ún ni mo ti ṣe. Ẹ kò tíì gbọ́ igbe ẹnì kankan. Bàbá aláìwọbàtà yìí ló bà á jẹ́."

"Ògo fún Olúwa," ni Lazarus wí.

Juliet yí sí Adétutù. "Nínú gbogbo ohun tí mo rí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ni tiyín?"

Adétutù lè purọ́ sí i. Ó mọ irọ́ tí ó kù. Ó dìde dúró. "Ìwé kì í ṣe tiwa, mà. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe tiwa. Àga tí ẹ jókòó lé, ti ìjọ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni tiwa. Àwọn nìkan ni a kò yá."

Láyí wú ikọ́.

"Láyí?"

"Mà, àwọn tó jókòó síwájú ní kíláàsì àná… ẹ̀ka Ìṣírò ló fún wa."

"Jésùtómi kì í ṣe àyálò," ni Vincent wí. Kò wo ẹnì kankan. Ó fa Adébọ́lá dìde, wọ́n sì jọ jáde pẹ̀lú gáùn lọ́rùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ń kí wọn pé wọ́n kú oríire.

Lọ́jọ́ náà gan-an, Lazarus kó kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà sí Àyèká, ó sì jó yí wọn ká. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn olórí ẹ̀ka mẹ́rin láti ìlú mẹ́rin wá sí àgọ́ ọlọ́pàá Òkìtìpupa wá wo ẹrù tí wọ́n rí nínú yàrá Adébọ́lá. Olúkúlùkù kọ́kọ́ sọ pé òun wá kí ẹnì kan ni. Nígbà tí wọ́n ti mọ ara wọn, wọ́n jókòó pọ̀ lórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí a tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Adébọ́lá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì bá àwọn ọlọ́pàá tún pátákó iwájú àgọ́ wọn kọ.

Ìdájọ́ Àbújá dé nínú oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀ka Ìdarí Ẹ̀kọ́ kò yege, Olóyè Jẹ́jẹ́lọlá sì tì í pa. Dókítà Adétutù pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Àádọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ pàdánù ọdún mẹ́rin.